Àwọn Àgbélébùú Ayaba Eleanor, àti Ìbéèrè Ọmọ Kan

Ọ̀ràn kan wà tí ó ti ń wúwo ní ọkàn wa láti ìgbà tí a ti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré gẹ́gẹ́ bí àdánwò iṣẹ́ wa, a sì rí i pé kò sí ibi tí ó tọ́ ju ojú ewé yìí lọ láti gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí a bọ̀wọ̀ fún. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ tí ó kàn wá ní ọjọ́ náà, a sì yan ìtàn àwọn àgbélébùú òkúta méjìlá tí Ọba Edward Kìn-ín-ní mọ ní ìrántí aya rẹ̀, Ayaba Eleanor. A múra sílẹ̀ dáradára. A ya àwòrán sí ojú pátákó, a kọ orúkọ àwọn ìlú náà lẹ́sẹẹsẹ, a sì sọ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo kíláàsì fi dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí a parí, a béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn ayaba náà. Kí ló dé tí wọ́n fi wó mẹ́sàn-án nínú àwọn àgbélébùú rẹ̀ lulẹ̀?”

A kò ní ìdáhùn. A ní kí ó jókòó, a ní agogo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọ̀rọ̀ tí a sọ yìí ni ó ń dùn wá títí di òní, nítorí pé agogo kò tí ì fẹ́ lù rárá.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka ìwé lórí ọ̀ràn yìí. Èrò wa nísinsìnyí ni pé ìtàn tí a sọ fún àwọn ọmọ náà dùn, ṣùgbọ́n kò pé. Àti pé apá tí a fi sílẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ fi ṣe orí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dájú. Ní ọdún 1241 ni a bí Eleanor, ọmọ ọba ilẹ̀ Castile, èyí tí í ṣe apá kan ilẹ̀ Spéènì. Ní ọdún 1254 ni a gbé e fún Edward, àrẹ̀mọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Burgos. Ọmọdé ni àwọn méjèèjì nígbà náà: ọkọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aya kò sì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Ọ̀ràn ìṣèlú ni àwọn àgbà tìtorí rẹ̀ so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ hù nínú rẹ̀, ó sì dàgbà. Nígbà tí Edward gbéra lọ sí ogun àgbélébùú ní ọdún 1270, Eleanor kò dúró sílé. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ, ìlú Acre ní etí òkun Ilẹ̀ Mímọ́ ni ó sì ti bí ọmọbìnrin rẹ̀ Joan ní ọdún 1272. Ní ọdún 1274 a dé àwọn méjèèjì ládé pọ̀ ní Westminster. Ọmọ tí ó bí ju méjìlá lọ, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì wọn lọ tí ikú mú lọ ṣáájú ìyá wọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1290 ni ayaba kú ní abúlé Harby, tí kò jìnnà sí ìlú Lincoln. Ó tó nǹkan bí ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Lincoln, wọ́n fi oògùn àti òórùn dídùn tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́, wọ́n sì sin ìfun rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Ọkàn rẹ̀ ni wọ́n sin sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Dominic ní London. Ara rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí Westminster Abbey, níbi tí wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tí òkú náà sùn mọ́jú sí lójú ọ̀nà ni ọba pàṣẹ kí a mọ àgbélébùú sí: Lincoln, Grantham, Stamford, Geddington, Hardingstone lẹ́bàá Northampton, Stony Stratford, Woburn, Dunstable, St Albans, Waltham, Cheapside ní àárín London, àti Charing lẹ́bàá Westminster.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé igi méjì tí a dá lábùú ni a ń wí. Ilé òkúta gíga ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí a kọ́ ní àjà lórí àjà, tí ó ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè, tí àgbélébùú fúnra rẹ̀ sì wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀. Ní àjà ìsàlẹ̀ ni a gbẹ́ àmì ìdílé àwọn ọba sí: kìnnìún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé olódi ti Castile pẹ̀lú kìnnìún León, àti àmì Ponthieu tí ayaba jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní àjà tí ó tẹ̀lé e ni ère ayaba dúró sí ní ìhà gbogbo, kí ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà yòówù bàa lè rí ojú rẹ̀. John of Battle ni ó kọ́ márùn-ún nínú wọn. Alexander of Abingdon wà nínú àwọn tí ó gbẹ́ ère. Ti Charing ni ó ná owó jù: ó ju £700 lọ, owó tí ó pọ̀ púpọ̀ ní ayé ìgbà náà. Nǹkan bí ọdún 1291 sí 1295 ni a fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Kí ni wọ́n wà fún? Ní ìgbà náà gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbàgbọ́ pé àdúrà alààyè ń ran ọkàn òkú lọ́wọ́. Nítorí náà àgbélébùú ń bẹ ẹni tí ń kọjá pé kí ó dúró díẹ̀, kí ó gbàdúrà fún ọkàn ayaba, kí ó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ará Faransé ti mọ irú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbé egungun Ọba Louis Kẹsàn-án gbà ní ọdún 1271, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni Edward ti rí àpẹẹrẹ. Ní Westminster pẹ̀lú, ọba fi owó lélẹ̀ kí àbẹ́là má bàa kú ní ẹ̀bá ibojì aya rẹ̀. Wọ́n sì ń jó níbẹ̀ fún ju igba ọdún lọ.

Títí dé ibi yìí, kò sí ohun tí a sọ fún àwọn ọmọ náà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún fi iyọ̀ mìíràn sí ọbẹ̀ náà. A sọ pé nígbà tí apànìyàn fi ọ̀bẹ olóró gún Edward ní Acre, Eleanor fi ẹnu ara rẹ̀ fa oró náà jáde. Òtítọ́ ni pé a gún ọba lọ́bẹ ní ọdún 1272. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni ó gé ẹran ara tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Lẹ́yìn ikú ayaba ni àwọn òǹkọ̀wé mú ìtàn fífa oró wá. A tún sọ pé orúkọ Charing ti inú èdè Faransé wá, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ayaba ọ̀wọ́n.” Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé Charing ti wà, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ náà, kí a tó bí Eleanor. Nítorí ibi tí ọ̀nà àti odò ti yí ni a ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìwọ̀nyí ti lọ fún ju ogún ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a pè ní olùkọ́ ni ó ń sin wọ́n lọ sí ọ̀nà.

Nísinsìnyí kí a dá ọmọ náà lóhùn. Kí ló dé tí a fi wó wọn?

Ìdáhùn kìn-ín-ní ni pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ mọ wọ́n ti kọjá lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àdúrà fún òkú sílẹ̀, àwọn àbẹ́là ibojì náà sì kú. Láti ìgbà náà ni àgbélébùú ti ń bẹ àwọn ènìyàn fún ohun tí wọn kò gbàgbọ́ mọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ọba Charles Kìn-ín-ní àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àwọn tí ó kórìíra ère nínú ìsìn rí ọwọ́ mú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1643 wọ́n wó ti Cheapside lulẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1647 wọ́n wó ti Charing nípa àṣẹ Ilé Ìgbìmọ̀ náà. Àwọn mìíràn lọ bẹ́ẹ̀, nípa òòlù tàbí nípa àìbìkítà. Mẹ́ta péré ni ó kù: ti Geddington, ti Hardingstone àti ti Waltham. Èyí tí ènìyàn ń rí lónìí níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Charing Cross kì í ṣe ti Edward. Ọdún 1865 ni a kọ́ ọ, E. M. Barry ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ibi tí ti àtijọ́ dúró sí ni ère Charles Kìn-ín-ní wà, ibẹ̀ ni a sì ti ń ka máìlì láti London lọ sí ibi gbogbo.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: àwọn tí ó kù kò kù nítorí pé òkúta wọn le ju ti àwọn ìyókù lọ. Wọ́n kù nítorí pé ẹnì kan ń tọ́jú wọn. Ní ọdún 1713 ni àwọn adájọ́ agbègbè Northampton tún ti Hardingstone ṣe. Ní ọdún 1721 ni William Stukeley mú kí a ri òpó igi yí ti Waltham ká, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má bàa máa gbá a. Àwọn wọ̀nyí kì í gbàdúrà fún òkú. Ìtàn ni wọ́n fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà béèrè ohun mìíràn nínú ìbéèrè kan náà: ǹjẹ́ òótọ́ ni pé gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn ayaba? Níbí ni a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé a sọ ohun tí a kò mọ̀. Òkúta ni a gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀, ọba ni ó sì sanwó fún òkúta. Ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan tí ó sì dá a, òun ni àgbà òṣìkà.

Ẹ̀rí apá kejì nìyí. Eleanor kó ilẹ̀ jọ púpọ̀púpọ̀. Ní ìgbà náà, ẹni tí owó bá wọ́n a máa lọ yá a lọ́wọ́ àwọn Júù, a sì fi ilẹ̀ rẹ̀ dógò. Ọba ka àwọn Júù sí ohun ìní tirẹ̀. Ó lè gba ìwé gbèsè tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí ó sì fi í ta ẹni tí ó bá wù ú lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó fi fún ayaba. Bí onígbèsè kò bá rí owó san, ilẹ̀ rẹ̀ di ti ayaba. Ariwo ọ̀ràn yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí John Pecham, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, fi kọ ìwé ìkìlọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní àwọn ọdún 1280, nípa èlé tí ó wà nínú òwò náà àti nípa ìnira tí ó dé bá àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ ayaba. Ní ti àwọn Júù fúnra wọn, ìyà tiwọn burú jù: ní ọdún 1290 kan náà, oṣù mẹ́rin ṣáájú ikú ayaba, Edward pàṣẹ kí gbogbo wọn kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò mọ àgbélébùú kankan fún ẹ̀dùn ọkàn tiwọn.

A kò wí èyí láti ba orúkọ òkú jẹ́. Ó yẹ kí a sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ kí ayaba ní ilẹ̀ tirẹ̀, kí ìnáwó ilé rẹ̀ má bàa wúwo jù fún ìṣúra ìjọba. Àwọn ìríjú rẹ̀ ni ó sì hu ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìwà ìkà náà, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé òun mọ̀. Ó fẹ́ràn ìwé. Ó ní àwọn adàwékọ nínú ilé rẹ̀ tí ń da ìwé kọ fún un. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbẹ́ ìwé ṣíṣí sí ara àgbélébùú Hardingstone.

Ohun tí ó wọ̀ wá lára jù ni èyí tí ó kẹ́yìn. Nígbà tí ayaba wà lórí ibùsùn àìsàn, tí ó sì mọ̀ pé òun kì yóò dìde mọ́, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó yan àwọn onídàájọ́ tí yóò wádìí ohun tí àwọn ìríjú òun ti ṣe, kí a sì tún un ṣe fún ẹni tí a bá ti rẹ́ jẹ. Ọba gbà. Ní ọdún 1291, ọdún kan náà tí àwọn oníṣẹ́ òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère rẹ̀, àwọn onídàájọ́ ń gbọ́ ẹ̀sùn: ti ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀, ti ẹni tí a bu owó ìtanràn tí ó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ lé lórí. A kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀, ìwé náà sì wà títí di òní. Láti inú rẹ̀ ni a ti mọ orúkọ àwọn ènìyàn kéékèèké tí kì bá ti sí ẹni tí yóò rántí wọn.

Nítorí náà ohun ìrántí méjì ni ayaba náà ní. Èkíní ni ọba fi fún un: òkúta méjìlá, èyí tí mẹ́ta ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Èkejì ni ó fi fún ara rẹ̀, èyí sì ni ìwádìí náà. Nínú ti ìṣáájú, òun ni ó dúró lókè, tí àwọn ènìyàn ń wo ojú rẹ̀. Nínú ti ẹ̀yìn, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ojú wa, ti ẹ̀yìn yìí ni ó níyì jù, ó sì yà wá lẹ́nu pé òun ni a kì í bá nínú ìtàn tí à ń sọ fún ọmọdé.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa yóò takò wá. Ẹnì kan yóò ní irú ẹ̀kọ́ báyìí le jù fún ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré mọ ohun tí í ṣe kí ẹni tí ó lágbára gba nǹkan ẹni. Ojoojúmọ́ ni ó ń rí i ní pápá ìṣeré. Ó sì mọ bí ó ti ṣòro tó láti wí pé, “Mo ṣe é, ẹ jẹ́ kí n dá a padà.” Ẹ̀kọ́ tí ó ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lè le jù fún un.

Ẹlòmíràn yóò ní ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún òkú, kí a má ṣe tú àṣírí rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a tú u. Ẹni tí ó bá bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ ń ṣe òdì sí ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹlòmíràn yóò tún ní a fẹ́ ba ìtàn ìfẹ́ dídùn jẹ́. Rárá o. Ìbànújẹ́ Edward kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ó kọ ìwé sí olórí ilé àwọn mọ́ńkì Cluny ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1291, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbàdúrà fún aya tí òun kò lè dẹ́kun láti fẹ́ràn bí ó tilẹ̀ ti kú. Jagunjagun líle ni ọkùnrin náà. Àwọn ará Wales àti àwọn ará Scotland mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sunkún aya rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ọmọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkọ kò sọ pé aya kò jẹ gbèsè fún ẹlòmíràn. Ọmọ lè gbọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó sì gbà pé ènìyàn kan náà ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láìpẹ́ a ó fọ́n ká lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ibi ìkàwé, níbi tí ohun tí olùkọ́ bá sọ yóò di òtítọ́ fún ọmọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún un wí lẹ́yìn wa. Bí a bá ní ayaba fi ẹnu fa oró, oró ni ó fà. Bí a bá ní gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ń sọ fún wa pé kí a mú ẹ̀kọ́ dùn. A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè, kí a tó wọ kíláàsì, bóyá ohun tí a fẹ́ fi mú un dùn rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá sì béèrè ohun tí a kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kò mọ̀ ọ́n, kí a sì lọ wá a kiri.

A padà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. A gba àyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì náà, a pe ọmọkùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn, a sì wí níwájú gbogbo wọn pé ìbéèrè rẹ̀ ni ó dára jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, àti pé agogo kò fẹ́ lù ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni a sọ èyí tí ó kù nínú ìtàn náà fún wọn. Nígbà tí a dé ibi ìwádìí ọdún 1291, ọmọ náà tún na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Sà, ṣé wọ́n dá ilẹ̀ wọn padà fún gbogbo wọn?”

A ní a kò mọ̀. A ní a ó wá a.